Kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, orúkọ ti bàjẹ́: ta ni yóò tún un ṣe?

Kò sí ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn tàbí tó ń ka ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà tí kò tíì rí àwòrán náà rí. Àgbàlá iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni, oòrùn sì ti mú. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan kò wọ ẹ̀wù, wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ ti ibí mọ́ ti ọ̀hún. Ìbọn, àdá, fóònù àti owó wà nílẹ̀ níwájú wọn bí ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ọ̀gá ọlọ́pàá yóò bọ́ síwájú, yóò ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ọjọ́ orí wọn, ìlú wọn àti iṣẹ́ ibi tó ní wọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníròyìn yóò na makirofóònù sí wọn lẹ́nu. Ẹ ṣàkíyèsí ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wọ́n. Wọn kì í béèrè pé, "Ṣé ìwọ lo ṣe é?" Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé, "Kí ló dé tó o fi ṣe é?"

Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán níbẹ̀ yẹn. Adájọ́ kò sí níbẹ̀, agbẹjọ́rò kò sí níbẹ̀, ẹlẹ́rìí kankan kò sì sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìyá afurasí yóò ti rí ojú ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n pè ní adigunjalè. Onílé yóò ní kí ìyàwó rẹ̀ wá ibòmíràn gbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nílé ìwé. Bí ó bá wá di ọdún mẹ́ta tàbí ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, tí adájọ́ sọ pé kò jẹ̀bi, kí ó máa lọ sílé, kò ní sí makirofóònù kan ṣoṣo tí yóò dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń jà ràn-ìn láàárín àwọn agbẹjọ́rò, àwọn agbófinró àti àwọn oníròyìn. Ṣé ó tọ́ kí a máa kéde orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ńlá kàn kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Àwọn kan ní kò tọ́ rárá. Àwọn kan ní bí a bá ń fi aṣọ bo orúkọ ọ̀daràn, ìlú kò ní ṣeé gbé mọ́. Apá méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tọpasẹ̀ àwọn ẹjọ́ ńlá tó ti wáyé nílẹ̀ yìí àti lókè òkun, yóò hàn gbangba pé orúkọ sísọ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ àti bí ó ṣe sọ ọ́ ló ń sọ ọ́ di ìkà.

OHUN TÍ Ọ̀FÀ FI KỌ́ NI

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù kẹrin, ọdún 2018, àwọn adigunjalè ya wọ ìlú Ọ̀fà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì kọlu àwọn báńkì ìlú náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án sì wà nínú wọn. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń béèrè pé àwọn wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé òkú sùn káàkiri ìgboro, ọ̀fọ̀ sì ṣẹ ilé púpọ̀.

Ọlọ́pàá mú ènìyàn. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún náà, Jimoh Moshood, tí í ṣe Alukoro ọlọ́pàá àpapọ̀ nígbà náà, pe àwọn oníròyìn jọ ní Àbújá. Ó ní díẹ̀ lára àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ ti dárúkọ Bukola Saraki, Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìgbà náà, àti Abdulfatah Ahmed, gómìnà Kwara, pé ọmọ ẹ̀yìn wọn làwọn. Ó ní kí Saraki wá yọjú sí ọlọ́pàá. Àwọn méjèèjì sọ pé àwọn kò mọ ohunkóhun nípa ìdigunjalè. Kò jù ọjọ́ kan lọ tí ọlọ́pàá fi yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní kí Saraki kàn kọ ìwé wá. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá ti balẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Orúkọ olórí ilé aṣòfin àti orúkọ gómìnà ti bá orúkọ àwọn apààyàn wọ inú gbólóhùn kan náà, ayé sì ti gbọ́.

Kí ni òpin rẹ̀? Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbẹ́jọ́ ní iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ ìwé ìwádìí náà wò lọ́dún 2018 kan náà, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó so àwọn méjèèjì mọ́ ìdigunjalè náà. Ẹnikẹ́ni kò gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọlọ́pàá pè ní olórí àwọn adigunjalè náà, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, kú sí àtìmọ́lé, adájọ́ kankan kò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ títí ó fi lọ. Àwọn márùn-ún ló dúró jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ gíga ìlú Ilọrin. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, Adájọ́ Haleemah Salman dájọ́ ikú fún wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wà nìyí. Lọ́dún 2018, ohùn kan náà ni ọlọ́pàá fi ka orúkọ gbogbo wọn. Àwọn tí ilé ẹjọ́ padà sọ pé wọ́n jẹ̀bi, àwọn tí wọn kò rí ẹ̀rí kankan nípa wọn, àti ẹni tó kú láì jẹ́jọ́, gbogbo wọn ni wọ́n dà sínú agbọ̀n kan ṣoṣo. Ará ìlú tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní ohun kankan tí yóò fi ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Ẹjọ́ gbígbọ́ nìkan ló lè yà wọ́n, ẹjọ́ ọ̀hún kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

ÒKÚ KÌ Í JẸ́JỌ́

Bí ọ̀rọ̀ Ọ̀fà bá ní òṣèlú nínú, ti Apo kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2005, àwọn ọlọ́pàá pa ọ̀dọ́ mẹ́fà ní Àbújá, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan. Ọ̀dọ́ ọlọ́jà tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Apo wà nínú wọn. Ohun tí ọlọ́pàá kéde fún ayé ni pé adigunjalè ni wọ́n, pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Àwọn ará Apo tú síta, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn títí ìjọba àpapọ̀ fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í ṣe adigunjalè.

Ká ní àwọn ará Apo dákẹ́ ni, orúkọ olè ni àwọn mẹ́fà náà ìbá gbé wọ sàréè, òun náà ni àwọn òbí wọn ìbá sì máa gbé kiri títí ọjọ́ ayé wọn. Ẹni tó bá wà láàyè lè gba agbẹjọ́rò, ó lè pe ẹlẹ́rìí, ó lè sunkún níwájú adájọ́. Òkú kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Orúkọ tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ tí wọ́n pa á ni yóò máa jẹ́, àfi bí alààyè bá bá a gbà á padà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Apo ní ẹ̀yìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí. Àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn ní orúkọ tiwọn pẹ̀lú. Ọdún méjìlá ni orúkọ wọn fi wà nínú ìwé ìròyìn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ní Àbújá dá ẹjọ́ náà lọ́dún 2017, adájọ́ dájọ́ ikú fún méjì nínú wọn, ó sì dá mẹ́ta sílẹ̀. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù láàárín wọn wà nínú àwọn mẹ́ta náà. Bí inú ẹnikẹ́ni dùn sí ìdájọ́ náà tàbí kò dùn sí i, adájọ́ ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbà pé kò yẹ kí ọlọ́pàá pe ọmọ ọlọ́jà ní olè láìsí ẹ̀rí, ó di dandan kó gbà pé kò yẹ kí ìwé ìròyìn pe ọlọ́pàá ní apànìyàn kí ilé ẹjọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí orúkọ wọn jáde lóòótọ́, nítorí pé bí orúkọ wọn kò bá jáde, ẹjọ́ náà kò ní bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé wọ́n fẹ̀sùn kan ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé ó ṣe é.

Àwọn Yorùbá pàápàá ní ti wọn tí kò tíì kúrò lọ́kàn. Ní ọjọ́ 23, oṣù kejìlá, ọdún 2001, wọ́n pa Bọ́lá Ìgẹ̀, mínísítà fún ètò ìdájọ́, sínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn. Wọ́n mú ènìyàn, ẹnìkan sọ̀rọ̀, ó tún yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n fẹ̀sùn kan Iyiola Omisore, ó sì wà ní àtìmọ́lé nígbà tó wọlé ìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà lọ́dún 2003. Lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, kò sì sí ẹnìkan tí ilé ẹjọ́ tíì sọ pé òun ló pa Bọ́lá Ìgẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè lọ́jà tàbí nínú ọkọ̀ èrò, ẹ ó gbọ́ ìdájọ́ bíi mẹ́wàá, oníkálukú á sì búra sí tirẹ̀. Ibi tí ìwádìí bá ti kùnà, ariwo a máa gba ipò rẹ̀. Kò rọ ẹbí òkú lọ́rùn, kò sì rọ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́rùn.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Àwọn Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun kan náà ni ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ní abala 36, ẹsẹ 5, pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìlẹ́ṣẹ̀ ni títí ilé ẹjọ́ yóò fi fi ìdí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Abala 35 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ìwọ̀n ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n mú un sí. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì ni, àfi bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 tún sọ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún afurasí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn, kí wọ́n má ṣe fìyà jẹ ẹ́. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sì sọ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu ènìyàn kò ṣeé gbà nílé ẹjọ́.

Bí a bá wá fi òfin wọ̀nyí wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá ọlọ́pàá, a ó rí i pé ìjẹ́wọ́ tí adájọ́ lè jù nù ni wọ́n fi ń bọ́ ará ìlú. Ẹni tí ìyà ti jẹ, tí ebi ń pa, tí ọlọ́pàá dúró tì lẹ́yìn, kò sí ohun tí kò lè sọ fún makirofóònù. Nígbà tó bá wá dé iwájú adájọ́, tó ní wọ́n lu òun ni, àwọn ará ìlú á ní ẹ wò ó, ó tún ń purọ́. Bí adájọ́ bá sì tú u sílẹ̀, wọ́n á ní adájọ́ ti gba owó. Bí wọ́n ṣe ń ba orúkọ afurasí jẹ́ nìyẹn tí wọ́n sì ń ba ti adájọ́ mọ́ ọn.

Ohun tó tún ń dun ni ni pé olówó àti tálákà kì í gba ọ̀nà kan náà kọjá. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn owó ńlá kan ọ̀tọ̀kùlú, wọ́n á ní àwọn "pè é" ni. Yóò wọ agbádá, agbẹjọ́rò mẹ́rin yóò tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn wọlé, yóò sì juwọ́ sí àwọn oníròyìn. Ọmọ mẹkáníìkì tí wọ́n fẹ̀sùn fóònù jíjí kàn ni wọ́n ń bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ilẹ̀ yìí tí wọn kò tíì rí ìdájọ́, ohun tí wọ́n bá sọ nípa tálákà ní àgbàlá ọlọ́pàá ni ìdájọ́ kan ṣoṣo tí ará àdúgbò rẹ̀ yóò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

ÀWỌN TÓ NÍ KÍ A MÁA SỌ Ọ́

Ẹni tó bá wá ti ibẹ̀ yẹn sọ pé kí a máa bo gbogbo orúkọ mọ́lẹ̀ kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ẹ rántí ọdún 1986, nígbà tí Lawrence Anini kó jìnnìjìnnì bá ìlú Benin. Orúkọ rẹ̀ gba gbogbo orílẹ̀-èdè kan kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ó ń sá kiri, ó sì ń pa ènìyàn. Ìlú tí kò bá sọ orúkọ ẹni tó ń sá lọ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó ń fi ẹ̀mí àwọn ará ìlú ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London. Ọkùnrin kan tó ń wa takisí, John Worboys, a máa fi oògùn sínú ohun mímu fún àwọn obìnrin tó bá gbé lóru, a sì máa fipá bá wọn lòpọ̀. Ọlọ́pàá mú un lọ́dún 2007, wọ́n sì fi í sílẹ̀, nítorí pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ obìnrin tó fẹjọ́ sùn sí. Nígbà tí wọ́n tún mú un ní oṣù kejì, ọdún 2008, tí orúkọ rẹ̀ di mímọ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin tí olúkúlùkù ti rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ sọ pé ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mọ́kàndínlógún. Bí wọ́n bá ti bo orúkọ rẹ̀ títí ẹjọ́ fi parí ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ì bá má mọ̀ láéláé pé àwọn ní ẹlẹ́gbẹ́.

Àwọn tó ti gbé lábẹ́ ìjọba ológun ní Nàìjíríà mọ ewu kan tó tún ju èyí lọ. Òfin kejì ti ọdún 1984 fún àwọn ológun lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé láì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú lóru, tí ìwé ìròyìn kò sọ orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ gbé e mì ló ń rí. Orúkọ tó bá jáde ni agbẹjọ́rò fi ń mọ ẹni tí yóò lọ béèrè. Lọ́dún kan náà, òfin kẹrin dé, tó ní ìwé ìròyìn kò gbọ́dọ̀ kọ ohun tí yóò kó ìtìjú bá òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn ì báà tilẹ̀ kọ òótọ́. Òfin yẹn ni wọ́n fi rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn méjì, lẹ́wọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá òfin tí yóò di ẹnu ìwé ìròyìn pátápátá, kó kọ́kọ́ béèrè pé ta ni yóò sá sábẹ́ agboòrùn náà. Ọmọ mẹkáníìkì kọ́.

BÍ ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ ṢE WÁ OJÚTÙÚ SÍ TIWỌN

Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà ti jogún ìlànà ilé ẹjọ́ rẹ̀, bí àwọn náà ṣe ń jà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí sì yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2010, wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Bristol. Ọlọ́pàá mú onílé rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ìwé ìròyìn kò dúró gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n kọ nípa irun orí rẹ̀, wọ́n kọ nípa ìwà rẹ̀, wọ́n kọ bí ẹni pé ìkà ọkùnrin ni látilẹ̀wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò ní àtìmọ́lé. Ọkùnrin mìíràn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà ló pa á, ilé ẹjọ́ sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ọdún 2011. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù keje, ìwé ìròyìn mẹ́jọ ló san owó ìtanràn fún olùkọ́ náà nítorí pé wọ́n bà á lórúkọ jẹ́. Ilé ẹjọ́ tún bu owó tó tó 50,000 pọ́n-ùn lé Daily Mirror àti 18,000 lé The Sun, pé ohun tí wọ́n kọ jẹ́ àrífín sí ilé ẹjọ́, nítorí ó lè ba ẹjọ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ jẹ́.

Ní oṣù kejì, ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain fi òpó ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ nínú ẹjọ́ kan tó kan iléeṣẹ́ ìròyìn Bloomberg. Wọ́n ní ẹni tí ọlọ́pàá tàbí agbófinró ṣì ń ṣe ìwádìí nípa rẹ̀, tí wọn kò tíì gbé lọ sílé ẹjọ́, ní ẹ̀tọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti retí pé wọn kò ní gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, tó dúró níwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi ṣe ààlà.

Ààlà yìí kò ṣàjèjì sí òfin tiwa pàápàá. Abala 36 tó pe olùjẹ́jọ́ ní aláìlẹ́ṣẹ̀ náà ló sọ pé ní gbangba ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Òfin kò fẹ́ ẹjọ́ inú òkùnkùn, kò sì fẹ́ ìdájọ́ ojú ìta. Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ìgbésẹ̀ kan lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àtúnṣe òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà, èyí tó sọ pé kí ọlọ́pàá jáwọ́ nínú fífi afurasí hàn fún àwọn oníròyìn. Òfin náà kò ní kí ọlọ́pàá má mú ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni ọlọ́pàá, òfin tí kò bá sì ní ẹni tí yóò ṣọ́ ọ kò yàtọ̀ sí ajá tí kò léyín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún tilẹ̀ ti le ju ti àtijọ́ lọ. Láyé ìjelòó, ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá a máa di ohun tí wọ́n fi ń wé àkàrà, ìtìjú a sì máa gbó. Lónìí, àwòrán tí wọ́n bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbó, kì í sì kú. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ hàn lè tẹ orúkọ bàbá náà sínú fóònù rẹ̀ lọ́la, kó sì bá a níbẹ̀ lórí ìjókòó láìwẹ̀wù.

OHUN TÓ KÙ LÁTI ṢE

Kì í ṣe ohun tó ṣòro. Kí ọlọ́pàá kéde orúkọ ẹni tó bá ń sá fún òfin, tó sì léwu fún ìlú. Ẹni tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sọ pé àwọn ti mú ènìyàn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹbí rẹ̀ àti agbẹjọ́rò rẹ̀ mọ ibi tó wà, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní ìwọ̀n ọjọ́ tí òfin sọ. Níbẹ̀ ni kí orúkọ rẹ̀ ti jáde, níṣojú adájọ́, pẹ̀lú ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí èsì tirẹ̀ náà sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá wà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, bíi ti àwọn obìnrin London, ìgbà náà ni yóò gbọ́, tí yóò sì jáde wá. Ní ti ọmọdé tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ti parí ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn rárá.

Iṣẹ́ àwọn oníròyìn ló kù, bóyá òun ló sì wúwo jù. Ìwé ìròyìn tó bá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ afurasí sí ojú ìwé àkọ́kọ́, gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá dá ẹni náà sílẹ̀, ojú ìwé àkọ́kọ́ kan náà ni kó gbé e sí, kí lẹ́tà rẹ̀ má sì kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Akọ̀ròyìn tó bá lọ sí àgbàlá ọlọ́pàá lọ́jọ́ kìíní, kó kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sínú ìwé rẹ̀, kó sì lọ. Ẹni tí kò bá lè tẹ̀lé ẹjọ́ dé òpin, kó má ṣe bá wọn dá a níbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ ni ẹbí ń péjọ, tí wọ́n ń gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, tí àgbà ilé ń pe orúkọ náà wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ sí ọmọ létí. Orúkọ yẹn kì í ṣe ti ọmọ nìkan, ti bàbá rẹ̀ ni, ti ìyá rẹ̀ ni, ti àwọn tí yóò bí náà sì ni. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀daràn ló padà dà, kí adájọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí odindi agbo ilé péjọ fún un pẹ̀lú àdúrà, kò yẹ kí ẹnìkan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní àgbàlá ọlọ́pàá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.